Ẹ Mú Ojú Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Gé E

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Olóko, ẹ kú iṣẹ́ o. Igi ọsàn kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa tí bàbá mi gbìn lọ́dún 1981, ọdún tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn wa. Nígbà kan, apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà là ń ká lórí ẹ̀. Ní báyìí, orí rẹ̀ ń gbẹ, àfòmọ́ ti bò ó, oje ń sun ní ìdí rẹ̀ níbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà kọjá, èso rẹ̀ ò sì ju ẹyin adìẹ lọ. Adùn rẹ̀ nìkan ló kù. Àwọn ọmọ ní kí n pe oní-ẹ́ńjìnnì kó wá gé e. Mo ti kó kóró rẹ̀ pamọ́, mo fẹ́ gbìn ín sójú ibẹ̀ gan-an. Ṣé mo ṣe dáadáa? — Ìyá Táíwò, Ìkirè.

ÌDÁHÙN: Ìyá Táíwò, ẹ ṣeun. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí oní-ẹ́ńjìnnì lọ jókòó ná.

Ẹ mú ọ̀bẹ, ẹ lọ sídìí igi náà, kí ẹ ha èèpo ibi tí oje ti ń sun. Bí abẹ́ èèpo bá funfun, tó ṣì tutù lọ́wọ́, ó wà láàyè. Bó bá pọ́n bíi kòkó tí wọ́n sá, tó sì ń rùn kíkan, ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Ẹ máa ha á yí ìdí igi náà ká. Bí òkú èèpo yẹn bá ti gbà ju ìdajì lọ, ẹ má ná owó oògùn sí i. Omi balùwẹ̀ yẹn ni mo fura sí. Ohun àìfojúrí kan wà nínú ilẹ̀ tó ń jẹ ìdí ọsàn, inú omi ló sì ti máa ń wẹ̀ lọ bá gbòǹgbò. Ẹ̀yin ń wẹ̀ nínú ilé, òun náà ń wẹ̀ níta.

Ti àfòmọ́, ẹyẹ ló gbé e wá. Ó jẹ èso rẹ̀ tán, ó nu ẹnu sára ẹ̀ka, kóró sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Fífà á tu lásán ò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀ka tó wà lórí ẹ̀ ni kí ẹ gé, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan sí ibi tó jókòó sí.

Ó wá ku ti kóró. Èrò yín ò burú. Kóró ọsàn kan lè hu méjì tàbí mẹ́ta, púpọ̀ nínú wọn a sì jọ ìyá wọn. Àmọ́ ọsàn tó bá ti inú kóró jáde máa ń ṣe ọmọdé pẹ́: á ga, á yọ ẹ̀gún kíkan-kíkan, ọdún méje lè kọjá kí ẹ tó rí òdòdó. Mo ti ń lọ sí àádọ́rin ọdún, èmi ò lè dúró dè é. Ẹsẹ̀ ọsàn mímu fúnra rẹ̀, ìyẹn ìdí àti gbòǹgbò rẹ̀, ò sì lágbára sí àrùn tó wà nílẹ̀ yẹn.

Ojú igi náà ni kí ẹ mú. Ojú ni kókó kékeré tó máa ń wà níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka. Ojú tó ti ara igi àgbà wá kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọmọ igi mìíràn, ó lè so láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá gbìn ín, ọsàn bàbá yín gan-an ni yóò sì so. Bọ́dìn ni àwọn ará nọ́sìrì ń pè é. Òròmbó kan tí èèpo rẹ̀ rí kúlúkúlu, ráfù lẹ́mọ̀n, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọmọ igi tí wọ́n ń lẹ ojú náà mọ́.

Ní àkókò òjò, nígbà tí èèpo ń bọ́ wẹ́rẹ́, ẹ gé ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin lókè níbi tí àfòmọ́ ò dé, èyí tó nípọn tó pẹ́ńsù. Ẹ gé ewé rẹ̀ kúrò, kí ẹ ṣẹ́ igi ewé kù díẹ̀ bí ìka ọmọ ọwọ́. Ẹ fi aṣọ tútù wé e, kí ẹ sì gbé e dé nọ́sìrì lọ́jọ́ yẹn kan náà. NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí èso àti ewébẹ̀, wà ní Ìdí-Iṣin, Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn láti ọdún 1975. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe á fi ọ̀bẹ fa ìlà méjì sára ọmọ igi bí lẹ́tà T, á ṣí èèpo rẹ̀ bí ẹni ṣí ẹ̀wù, á ti ojú náà bọ̀ ọ́, á fi ọ̀rá dì í pinpin. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ́n á tú u. Bí ojú náà bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti gbà nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì. Mo ra méjì rí, ẹni tó tà á búra fún mi pé bọ́dìn ni. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bomi rin ín. Nígbà tó so, mo bu ọ̀kan jẹ, ojú mi dì! Lẹ́mọ̀n pọ́ńbélé. Bóyá ó purọ́ fún mi, bóyá ojú yẹn ló kú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì hù gba ipò rẹ̀, n ò lè sọ. Ohun tí mò ń ṣe látìgbà náà ni pé ẹ̀ka yòówù tó bá yọ nísàlẹ̀ oríkèé ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò ni mo fi ń rẹ́ ẹ dànù kó tó gbó.

Ẹ má gbìn ín sójú ibẹ̀ o. Ráfù lẹ́mọ̀n náà ò bọ́ lọ́wọ́ àrùn yẹn tí omi bá ń dúró sí i nídìí. Ẹ sún un kúrò tó mítà méje, sórí ilẹ̀ tó ga. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ po ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa mọ́ erùpẹ̀ òkè, kí ẹ sì jẹ́ kí oríkèé náà ga sókè ilẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan ó kéré tán. Ẹ má kó erùpẹ̀ tàbí pàǹtí jọ sí i nídìí. Ibi tí igi àtijọ́ yẹn wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Kò sóhun tó fẹ́ràn omi balùwẹ̀ tó o.

Bí ẹ̀ka gbígbẹ ò bá kọ orí sí òrùlé ilé ìdáná, ẹ jẹ́ kí àgbà yẹn dúró títí ọmọ rẹ̀ á fi fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá gé e, ẹ má fi gbogbo rẹ̀ dáná. Igi ọsàn le, ó sì ń dán lọ́wọ́. Ti ilé wa ni mo fi ṣe ẹ̀rú àáké tí mo ń lò títí dòní.