Ṣé ìpè ni àbí ó kàn ń wù mí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ó ń wù mí kí n máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Sọ́ńdè sùkúù, àmọ́ mi ò lọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ẹ̀rù yẹn dáa, Jákọ́bù 3 ṣáà sọ pé ìdájọ́ olùkọ́ á le, àmọ́ má jẹ́ kó dá ẹ dúró o. Àjàyí Crowther gan-an, tíṣà ló kọ́kọ́ ń ṣe ní Sierra Leone kí wọ́n tó yàn án ní àlùfáà ní 1843. Lọ jókòó ti tíṣà kan fún oṣù mẹ́ta, máa wò ó, tó bá yá gba kíláàsì kan, tó o bá wá rí i pé àwọn ọmọ ń fẹnu ara wọn sọ ohun tó o kọ́ wọn, lọ sọ fún pásítọ̀ yín.