Báìtì Mẹ́wàá, Lẹ́tà Mẹ́rin: Bí a Ṣe Ń Ka Ọ̀rọ̀ Yorùbá Nínú C

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ prógíráàmù kan ní èdè C, tí yóò máa to orúkọ ìlú àti odò sínú tábìlì kí ìlà wọn lè dọ́gba. Nígbà tí mo fi strlen, irinṣẹ́ C tó ń sọ gígùn ọ̀rọ̀, ka "Ọ̀ṣun", mẹ́wàá ló sọ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ́kọ́ fi mbstowcs sọ ọ́ di wide character, ìyẹn nọ́ńbà kan fún àmì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, 18446744073709551615 ni mo rí. Linux ni mò ń lò, UTF-8, ọ̀nà kan tí a ń gbà sọ lẹ́tà di báìtì, sì ni fáìlì mi. Níbo ni mo ti ṣìnà? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ kò ṣìnà jìnnà. Nọ́ńbà gàgàrà yẹn kì í ṣe iye lẹ́tà rárá. -1 ni, tí a gbé sínú size_t tí kì í gba nọ́ńbà tó kéré sí òdo, ìdí nìyẹn tó fi hàn bí nọ́ńbà tó tóbi jù lọ tí bíìtì 64 lè gbà. Ohun tí mbstowcs ń fi í sọ ni pé òun pàdé báìtì kan tí òun kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí kò fi mọ̀ ọ́n ni pé inú locale (ètò èdè àti irú kóòdù lẹ́tà tí prógíráàmù ń lò) tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "C" ni gbogbo prógíráàmù C ti ń bẹ̀rẹ̀, bó ti wù kí ẹ ti to ẹ̀rọ yín, níbẹ̀ sì rèé, àwọn lẹ́tà ASCII nìkan ló dájú. mbstowcs kì í wo fáìlì yín kí ó sọ pé UTF-8 nìyí. Ọwọ́ locale ló ti ń gba àṣẹ. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ main, kí ẹ tó ka ohunkóhun, ẹ kọ ọ́ báyìí:

setlocale(LC_ALL, "");

Àmì ọ̀rọ̀ tó ṣófo yẹn ń sọ fún un pé kí ó lo ètò tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ti yàn. Bí ó bá dá NULL padà, ẹ̀rọ náà kò ní locale tí a yàn fún un nìyẹn. Mo ti rí prógíráàmù tí wọ́n ti yọ gbogbo àmì orí orúkọ dànù nítorí pé ìlà kan ṣoṣo yìí kò sí níbẹ̀, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Ẹ jẹ́ kí a wá tú Ọ̀ṣun palẹ̀. Ọ gba báìtì mẹ́ta, E1 BB 8C. Àmì ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ gba méjì, CC 80. Lẹ́tà ṣ gba mẹ́ta, E1 B9 A3. U àti n gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́wàá náà nìyẹn. Strlen kò parọ́, báìtì ló ń kà. Lẹ́yìn tí mbstowcs bá ti ṣiṣẹ́, wide character márùn-ún ni ẹ ó rí, kì í ṣe mẹ́rin, nítorí pé Unicode, àkójọ nọ́ńbà fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè, fún À ní kóòdù tirẹ̀, U+00C0, ṣùgbọ́n kò fún Ọ̀ ní ọ̀kan: Ọ dá dúró ní U+1ECC, àmì ohùn rẹ̀ sì dá dúró ní U+0300.

Ó tún kù. Kíbọọ̀dù mìíràn máa ń kọ O lásán, kí ó tó fi àmì abẹ́ rẹ̀ sí i, kí ó tó wá fi àmì ohùn sí i. Ọ̀ṣun tí a kọ báyìí ṣì jẹ́ báìtì mẹ́wàá géérégé, ṣùgbọ́n wide character méje ló máa dà, strcmp, tó ń fi ọ̀rọ̀ méjì wéra, yóò sì sọ pé orúkọ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ojú ènìyàn kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. C fúnra rẹ̀ kò ní ohun tó ń mú wọn bára dọ́gba. ICU, àkójọ irinṣẹ́ fún Unicode, ni kí ẹ lò fún un kí ẹ tó fi orúkọ pamọ́.

Ní ti ààyè tí ẹ ó kó wide character náà sí, ẹ kọ́kọ́ pe mbstowcs(NULL, s, 0) kí ó sọ iye tí ẹ nílò, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá -1 ni, kí ẹ tó fi ẹyọ kan kún un fún òdo tó ń parí ọ̀rọ̀, kí ẹ sì fi sizeof(wchar_t) sọ ọ́ di púpọ̀ nínú malloc, tó ń gba ààyè náà fún yín. Nígbà tí ẹ bá pè é lẹ́ẹ̀kejì, iye wide character ni kí ẹ fi sí ipò kẹta, kì í ṣe iye báìtì. Báìtì mẹ́rin ni wchar_t lórí Linux, nítorí náà ẹni tó bá ṣi èyí ṣe lè kọ̀wé kọjá ààlà ilé rẹ̀ sínú ilé onílé.

Bí ó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ń ka fáìlì, a lè gé ṣ sí méjì ní ẹnu ibi tí ẹ dúró sí. mbrtowc ló yẹ fún irú èyí: yóò dá -2 padà, yóò sì tọ́jú ààbọ̀ lẹ́tà náà sínú mbstate_t títí ìyókù yóò fi dé.

Fún tábìlì yín gan-an, ẹ má lo wcslen, tó ń ka iye wide character. Ẹ lo wcswidth, tó ń ka ààyè tí ọ̀rọ̀ gbà lójú ẹ̀rọ. Kò ka àmì ohùn sí ààyè kankan, nítorí náà mẹ́rin ni yóò sọ fún Ọ̀ṣun, bó ti wù kí kíbọọ̀dù ti kọ ọ́. Ẹ yọ iye yẹn kúrò nínú ìbú tí ẹ fẹ́, kí ẹ sì fi àlàfo dí ìyókù fúnra yín, torí pé báìtì ni %20s inú printf ń kà.