Òkùnkùn Yìí Ti Pẹ́ Jù, Màmá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń retí ọmọ. Wọ́n ní kí n máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá kúnlẹ̀ lóru, ẹkún nìkan ló ń jáde. Ṣé Ọlọ́run ṣì ń gbọ́ mi? – Ìyàwó ilé kan, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àdúrà ni ẹkún yẹn. Ṣí Sáàmù 88, kí o kà á sókè. Ẹni tó kọ ọ́ ké pe Olúwa tọ̀sán tòru, inú òkùnkùn ló sì parí rẹ̀ sí. Kò sí halelúyà níbẹ̀, síbẹ̀ inú Bíbélì ló wà. Òun ni mo ń kà lọ́dún tí ọkọ mi kú, tí mi ò lè kọrin.

Tún ronú nípa ìyá Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1821 ni wọ́n kó òun àti ọmọ rẹ̀ lẹ́rú ní Òṣogùn, wọ́n sì pín wọn níyà. Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kí wọ́n tó tún fojú kan ara wọn. Ọdún 25! Ọmọ náà ti di àlùfáà.

Mi ò fi èyí ṣèlérí ọmọ fún ọ o. Mi ò láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Olúwa kì í dúró di òwúrọ̀ kó tó wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń sunkún.

Má dá kúnlẹ̀ mọ́. Tan àbẹ́là lálẹ́, pe ọkọ rẹ, ẹ ka ẹsẹ mélòó kan, kí ẹ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ níwájú Rẹ̀. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì jọ lọ rí dókítà.