Ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe kọ táàgì yín kó tó pọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ará Iléṣà. Ẹ ní ẹ ti ní ọgọ́ta ojú ìwé lórí wíkì ìtàn ìlú yín (ìkànnì tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń kọ), pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá yín kọ ọ́ ń lẹ táàgì, ìyẹn orúkọ tí a fi ń kó ojú ìwé tó jọra pọ̀, mẹ́jọ, mẹ́wàá mọ́ ojú ìwé kan ṣoṣo, ẹ wá ń bèèrè bóyá ó dára bẹ́ẹ̀. Kò dára. Ohun tí àwa náà ṣe ní Ilé-Ifẹ̀ níbí nìyẹn, ó sì dùn mí títí dòní.

MediaWiki, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe wíkì, ni à ń lò, òun náà ni Wikipedia ń lò. Category ló ń pe táàgì. Lórí Wikipedia Yorùbá, Ẹ̀ka ni. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé la máa ń kọ ọ́ sí, báyìí: [[Ẹ̀ka:Ọlọ́jọ́]]. Bí ẹnì kan bá ṣe kọ ọ́ náà ni wíkì máa gbà á.

Lọ́jọ́ kan, bàbá kan wá bá wa láti Ìlódè. Kí bàbá tirẹ̀ tó kú ni wọ́n ti sọ fún wa bí ọdún Ọlọ́jọ́ ṣe rí láyé Ọọ̀ni Adérẹ̀mí, a sì ti tẹ̀ ẹ́ sórí wíkì. Bàbá tó wá bá wa yìí fẹ́ fi han àwọn ọmọ wọn. Mo ṣí táàgì Ọlọ́jọ́, ojú ìwé mọ́kànlá jáde, ọ̀rọ̀ olóògbé kò sí níbẹ̀. Bàbá náà kò bínú, wọ́n kàn dákẹ́, wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ. Ọjọ́ kejì ni mo rí i lábẹ́ Olojo tí kò ní àmì kankan. Ìgbà tí mo wá yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ọdún Ọlọ́jọ́ nìkan ti ní táàgì márùn-ún: Ọlọ́jọ́, Ọlọjọ, Olojo, OLOJO àti Odun Olojo. Mo tọ bàbá náà lọ sílé, mo bẹ̀ wọ́n.

Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni èyí tí ojú kò lè rí. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń fi dọ́ọ̀tì sábẹ́ ẹ àti ọ, àwọn mìíràn ń fi igi kékeré síbẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, táàgì méjì ló sì máa ṣe. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ tẹ táàgì. Ẹ ṣe ojú ìwé kan tí gbogbo táàgì tí ẹ fẹnu kò lé lórí wà, kí oníkálukú máa kọ́pì láti ibẹ̀.

Ní ti iye, mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún ojú ìwé kan. A ti fi táàgì "Ifẹ̀" sórí gbogbo ojú ìwé wa rí, bẹ́ẹ̀ Ifẹ̀ ni gbogbo wíkì náà dá lé! A yọ ọ́. Ẹ wo ojú ìwé Ògèdèǹgbé tí ẹ ní ẹ kò mọ ibi tí ẹ máa kó o sí. Ẹ fi sí Jagunjagun, sí Ogun Kírìjì, sí Oyè Ìjẹ̀ṣà nítorí pé ó jẹ oyè Ọbańlá. Bó bá jẹ́ fáìlì inú kọ́bọ́ọ̀dù ni, ibì kan ni ẹ bá fi í sí, ẹni tó ń wá Kírìjì ì bá má rí i.

Ẹ má sì rò pé tí ẹ bá yí orúkọ ẹ̀ka padà, àwọn ojú ìwé inú rẹ̀ máa tẹ̀ lé e. Wọn kì í tẹ̀ lé e. Àwa ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ó lé ní ogóje, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà wá, torí iná mọ̀nàmọ́ná tí kì í dúró.

Ohun tó ń gbà wá báyìí ni pé táàgì kọ̀ọ̀kan tí a fọwọ́ sí ní ojú ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ohun tó wà fún. Bí mo bá wá ṣí Special:WantedCategories, kìkì táàgì tí kò ní ojú ìwé ló máa ń hàn níbẹ̀, mo sì máa mọ̀ pé àṣìkọ ni. Special:UncategorizedPages náà máa ń fi èyí tí kò ní táàgì rárá hàn. Ìparí oṣù ni mo máa ń wò wọ́n.

Ọgọ́ta ṣì kéré. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó gba ojú ìwé tuntun kankan.