Láti London dé New York: wákàtí mélòó gan-an?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ wọ bàálù láti London lọ sí New York. Tíkẹ́ẹ̀tì mi ní a ó gbéra ní aago 11 àárọ̀, a ó sì balẹ̀ ní aago 2 ọ̀sán. Tí mo bá ń padà bọ̀, aago 7 alẹ́ la ó gbéra, a ó balẹ̀ ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣé wákàtí 3 ni àlọ, tí àbọ̀ wá di 12? Báwo ló tiẹ̀ ṣe jìn tó?

Ìdáhùn: Rárá o. Wákàtí 8 ni àlọ yín, àbọ̀ jẹ́ 7. Aago ìlú tí bàálù ti gbéra ni wọ́n kọ fún ìgbéra, aago ìlú tó balẹ̀ sí ni wọ́n kọ fún ìbalẹ̀. London sì fi wákàtí 5 ṣáájú New York: nígbà tí ẹ bá balẹ̀ lọ́hùn-ún ní aago 2 ọ̀sán, aago 7 alẹ́ ti lù ní London. (Ó máa ń di wákàtí 4 fún ìgbà díẹ̀ nínú oṣù Kẹta àti ní ìparí oṣù Kẹwàá, torí pé Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í yí aago wọn lọ́jọ́ kan náà.)

Ọ̀nà yẹn tó nǹkan bíi kìlómítà 5,550. Bàálù ń sá tó 900 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ á ní wákàtí 6 àti díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àkókò tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ti òfúrufú nìkan. Láti ìgbà tí bàálù bá ti kúrò níbi tí èrò ti wọ̀ ọ́ ni wọ́n ti ń kà á, títí yóò fi dúró pátápátá, bó bá sì tò fún ogún ìṣẹ́jú kó tó gbéra, ó wà nínú rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ ló wá dá ìyàtọ̀ àlọ àti àbọ̀ sílẹ̀. Lókè níbi tí bàálù ń gbà, afẹ́fẹ́ líle kan ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, ó sì máa ń le jù nígbà òtútù. Ẹ kọjú sí i lálọ. Ó ń tì yín lẹ́yìn lábọ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 2020, nígbà ìjì kan, bàálù British Airways kan gbéra ní New York, ó dé London láàárín wákàtí 4 àti ìṣẹ́jú 56. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ líle tó ń fò nínú rẹ̀ ló ń gbé e lọ.

Bí ẹ bá rí i lójú àwòrán iwájú àga yín pé bàálù ń yà sí àríwá, kò ṣìnà. Ẹ na okùn láti ìlú kan sí ìkejì lórí ayé roboto, ẹ ó rí i pé ibẹ̀ ló gbà. Òfin òfúrufú náà lè mú ọ̀nà gùn: láti ọdún 2022 tí wọ́n ti dẹ́kun gbígba òkè Rọ́ṣíà kọjá, London sí Tokyo tó jẹ́ bíi wákàtí 12 ti di bíi 14.

Tí ẹ bá ní bàálù mìíràn láti wọ̀ ní New York, ibẹ̀ ni wọ́n á ti yẹ ìwé ìrìnnà yín wò, ẹ ó sì gba ẹrù yín níbẹ̀. Èmi kò ní fi àlàfo tó dín ní wákàtí 3 sílẹ̀, pàápàá nígbà òtútù. Lábọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń bọ̀ wá gbé yín pé ẹ lè balẹ̀ ṣáájú aago 7.