Eyín tí kò ní ihò, báwo ni kòkòrò ṣe débẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Erìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Wọ́n ti ha ìdọ̀tí abẹ́ rẹ̀ fún mi, ara tù mí díẹ̀, àfi bó ṣe tún gbérí. Ẹnìkan ní kòkòrò ti wọ inú eyín lọ, pé yíyọ ló kù. Bẹ́ẹ̀ eyín mi ò ní ihò kankan o! Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Kòkòrò lè wà nínú eyín tí kò ní ihò lóòótọ́. Ti yíyọ yẹn ni mi ò fara mọ́.

Bí eyín ṣe le tó un, inú rẹ̀ kún fún ihò tóóró-tóóró tí ojú lásán ò lè rí, tó gba inú gbòǹgbò lọ sídìí iṣan inú eyín. Fífẹ̀ wọn ò ju nǹkan bí 1 sí 3 nínú 1,000 mìlímítà lọ, ọ̀pọ̀ bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tí à ń sọ yìí, sì kéré ju ìyẹn lọ. Ìbòrí fẹ́lẹ́ kan ló dí ẹnu wọn, erìgì sì lẹ̀ mọ́ ọn típẹ́típẹ́. Bí àrùn bá ti ṣí erìgì kúrò lára eyín, àpò a ṣí sílẹ̀ láàárín wọn, kòkòrò a máa bí sí i níbẹ̀, ìbòrí náà a sì bàjẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, irin tí àwa dókítà fi ń ha eyín náà máa ń họ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí omi tútù fi ń ta èèyàn léyín lẹ́yìn tí a bá ṣe tán.

Lọ́dún 1988, olùwádìí kan, Adriaens, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ eyín tí àrùn erìgì bá jà wò, eyín tí kò jẹrà rárá. Wọ́n bá bakitéríà nínú gbòǹgbò ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ní ibẹ̀ lè jẹ́ ibùba fún un.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá ẹ̀bi fún ti inú, ẹ wo ti ìta ná. Lójú tèmi, ìdọ̀tí tó ṣẹ́kù sísàlẹ̀ àpò ló sábà ń dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ẹ ní kí dókítà wọn jíjìn àpò eyín kọ̀ọ̀kan, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Mìlímítà 1 sí 3 dára. Bó bá ti tó 5 tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà, ẹ máa padà lọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín wò pẹ̀lú, torí àtọ̀gbẹ kì í jẹ́ kí erìgì tètè jinná. Omi iyọ̀ ò dé ìsàlẹ̀ àpò o, ẹ má sì fúnra yín gbé kápúsù mì.

Yíyọ? Àfi eyín tó ń mì lọ mì bọ̀, tí egungun ìdí rẹ̀ ti jẹ tán. Àmọ́ bí ohun gbígbóná bá ń dá ìrora tí kì í tètè lọ sílẹ̀, àrùn lè ti dé iṣan inú eyín. Ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta, ẹ lọ lọ́sẹ̀ yìí.