Ilé adìẹ ń rùn, kí ni ká tẹ́ síbẹ̀? Ìdáhùn sí lẹ́tà yín

Àsàlámù àlékùm o, ẹ kú iṣẹ́. Mo ní adìẹ léyà 22 lẹ́yìnkùlé wa ní Tánkẹ̀, ilẹ̀ ilé wọn kọnkéré ni, ẹ̀gbẹ́ méjì ni wáyà. Sọ́dọ́ọ̀sì tí mo ń bù lọ́fẹ̀ẹ́ ní sọ́ọ̀míìlì ni mo ń tẹ́ síbẹ̀. Òjò wá dé báyìí, ibẹ̀ ti ń rùn, aládùúgbò ti ń bínú. Mo da eérú sí i, ńṣe ló tún le sí i. Àwọn kan ní kí n wá èèpo ìrẹsì, àwọn kan ní yanrìn, ẹnìkan tiẹ̀ ní kí n má tẹ́ nǹkankan rárá. Èwo ni kí n gbọ́?
Ìyá Ìbejì, Tánkẹ̀, Ìlọrin

Wà àlékùmù sàlámù, Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ eérú kúrò ńlẹ̀ torí òun ló dá kún un. Òórùn tó ń ta yín nímú yẹn amóníà ni, inú ìgbẹ́ adìẹ ló ti ń wá, bó bá ti rí omi àti ooru, àwọn kòkòrò tójú ò rí á bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó. Tẹ́ẹ bá wá da eérú tàbí láìmù oníyẹ̀fun lé lítà (ohun tẹ́ẹ tẹ́ sílẹ̀ tó ti pò mọ́ ìgbẹ́ adìẹ) tó ti tutù, amóníà tí ì bá jókòó jẹ́ẹ́ sínú lítà ló máa sáré di gáàsì jáde, kì í ṣe ojú inú yín. Adìẹ tó rẹlẹ̀ sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ń fà á símú, kó tó dé imú aládùúgbò, ojú àti ẹ̀dọ̀fóró wọn ti ń jìyà. Ẹ dá eérú dúró. Èyí tó bá gbẹ, ẹ pò ó mọ́ yanrìn sínú táyà àtijọ́ kan kí wọ́n máa fi wẹ̀, wọ́n fẹ́ràn ẹ gan-an, ó sì ń dín iná, kòkòrò tó ń jẹ wọ́n lára, kù.

Sọ́dọ́ọ̀sì yẹn wá ńkọ́? Ọ̀fẹ́ dùn, mi ò bá yín jiyàn, àmọ́ ó ti kúná jù. Nígbà ọyẹ́ á di eruku, adìẹ á máa sín. Nígbà òjò á mu omi, á lẹ̀ pọ̀ gbagidi bí ẹ̀bà àná, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọ inú ẹ mọ́, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í béèrè: wọ́n máa ń ri pákó míì sínú oògùn kòkòrò kí ìdin má baà jẹ ẹ́, adìẹ ò sì mọ̀yàtọ̀, gbogbo ohun tó bá wà ńlẹ̀ ló ń ṣa. Ẹ bi wọn léèrè kẹ́ẹ tó bù ú.

Tẹ́ẹ bá padà débẹ̀, ẹ rìn kọjá ẹ̀rọ tó ń la igi, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi pléènì fá ojú pákó. Èyí tó ń ká jọ, tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, ṣéfíǹsì, òun lẹ fẹ́. Ó ń fa omi, afẹ́fẹ́ ń gba àárín ẹ kọjá, adìẹ sì lè tú u fúnra wọn. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín àpò kẹ́ẹ tó sanwó. Tó bá gbóná lọ́wọ́, tàbí tí funfun-funfun ti ń yọ lára ẹ, ó ti ń bu nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn, èbu yẹn ń ba ẹ̀dọ̀fóró adìẹ jẹ́, tòròmọdìẹ ló burú jù.

Èèpo ìrẹsì náà dáa, a sì dúpẹ́ pé Kwara la wà, ìrẹsì pọ̀ lápá Pàtígi àti Lafiagi lọ́hùn-ún, ibi tí wọ́n bá ti ń lọ ìrẹsì lẹ ti máa rí èèpo. Kì í tètè jẹrà. Àmọ́ òun fúnra ẹ̀ kì í fa omi púpọ̀, omi á kàn gbà á kọjá lọ jókòó sórí kọnkéré. Nítorí náà àdàlù ni màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni, ìdajì èèpo, ìdajì ṣéfíǹsì. Ẹ ṣọ́ra kí wọ́n má bu èèrí ìrẹsì fún yín o, oúnjẹ nìyẹn, wọ́n á jẹ ẹ́, ìyókù á sì bu.

Yanrìn dáa níta, níbi tí omi ti lè wọlẹ̀ lọ. Lórí kọnkéré yín lásìkò òjò, omi ò ní ríbi gbà. Èèpo ẹ̀pà àti kùùkù àgbàdo tètè ń bu, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó ní kẹ́ẹ má tẹ́ nǹkankan, bóyá kò ní adìẹ: kọnkéré lásán á dá egbò sí wọn ní àtẹ́lẹsẹ̀, ẹyin á sì máa fọ́.

Ẹ kó èyí tó wà ńlẹ̀ jáde tán, ẹ jẹ́ kí kọnkéré gbẹ dáadáa, ẹ wá tẹ́ tuntun nípọn tó ínṣì 3 sí 4. Ẹ máa fi réèkì tú u lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tàbí kẹ́ẹ fọ́n àgbàdo díẹ̀ síbẹ̀ kí wọ́n bá yín ṣiṣẹ́. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó dáa, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un, kẹ́ẹ wá ṣíwọ́. Tó bá dúró ní ṣù, ó ti tutù jù. Tó bá fẹ́ lẹ̀ díẹ̀ tó wá tú ká, ó dáa. Tó bá ń fẹ́ bí eruku, ó ti gbẹ jù.

Àmọ́ Ìyá wa, tí omi bá ń wọlé, ẹ̀ báà tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì síbẹ̀, á rùn. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀ kẹ́ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn ń fẹ́ omi gbà wọlé, ẹ fa páànù jáde sí i lápá ibẹ̀ tàbí kẹ́ẹ ta tapólì, ṣùgbọ́n ẹ má dí ẹ̀gbẹ́ kejì o, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa lọ máa bọ̀. Ẹ gbé agbomi wọn sókè kó bá ẹ̀yìn adìẹ dọ́gba, wọn ò ní máa da omi sílẹ̀ mọ́. Abẹ́ ọ̀pá tí wọ́n ń sùn lé, ẹ tẹ́ pákó síbẹ̀, torí ìgbẹ́ tí wọ́n ń yà lóru kò kéré, láràárọ̀ kẹ́ẹ máa ha á kúrò. Ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ wọn ni kẹ́ẹ máa ṣọ́ jù lásìkò yìí, ibi tó tutù ni àrùn kokisídíósì ti ń gbèrú. Tẹ́ẹ bá rí i, ẹ pe dókítà ẹran lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo da lítà adìẹ sórí ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi lọ́jọ́ tí mo kó o jáde gan-an, gbogbo ẹ̀ ló jó. Ṣé lítà ò dáa fún ẹ̀fọ́ ni?
Bàbá Olóko Ẹ̀yìnkùlé, Òmù-Àrán

Ó dáa, sùúrù ni kò sí ńbẹ̀, Bàbá. Ìgbẹ́ adìẹ tútù lágbára ju ohun tí gbòǹgbò tẹ̀tẹ̀ lè gbà. Ẹ kó o jọ síbì kan, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ fi ọ̀rá bò ó kí òjò má fọ agbára ẹ̀ lọ, kẹ́ẹ sì máa yí i po lóòrèkóòrè. Á gbóná gan-an láàárín, ẹ má bẹ̀rù, bó ṣe ń jinná nìyẹn. Lẹ́yìn oṣù bí 3, tó bá ti dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀, ẹ bù ú sóko. Tí ṣéfíǹsì bá pọ̀ nínú ẹ, á pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ra òròmọdìẹ 30. Ṣé mo lè tẹ́ bébà ìwé ìròyìn fún wọn?
Ìyàwó Tíṣà, Ọ̀fà

Ẹ lè tẹ́ ẹ, àmọ́ orí ṣéfíǹsì ni, fún ọjọ́ 2 tàbí 3 àkọ́kọ́ péré, kí wọ́n lè mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí igi. Bébà tó ń dán bíi ti kàlẹ́ńdà, ẹ má lò ó rárá, ẹsẹ̀ wọn á máa yọ̀, á sì là sọ́tùn-ún sósì, èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá là bẹ́ẹ̀ kì í sáàbà rìn dáadáa mọ́. Tó bá ti tutù, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sọ́dọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ o, wọ́n á jẹ ẹ́ yó.